Àwa Tí À Ń Gbé ní Orísun: Igbó Ìpáò, Odò Ọ̀ṣun àti Májẹ̀mú Wa Pẹ̀lú Omi

Kò sí ẹni tó kọ àròkọ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama tí kò lo òwe yìí lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán: odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. A ti fi bá ọmọ tó lọ sí òkè òkun tí kò rántí ìyá rẹ̀ wí. A ti fi bá olóṣèlú wí. A ti fi bá àwọn ẹgbẹ́ wa tí kò fẹ́ sọ Yorùbá wí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, a kì í ronú kan odò fúnra rẹ̀. Ènìyàn là ń bá wí, omi kàn jẹ́ àfiwé lásán. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ gba òwe náà gbọ́ bí a ṣe pa á gan-an: odò, orísun, gbígbẹ.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́ta nínú kíláàsì wa tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí Ìpáò-Èkìtì, níjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni ọ̀rẹ́ wa ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, odò ni wọ́n ti ń fọṣọ, odò ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, odò náà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn ìlú. A bẹ Màmá pé kí wọ́n mú wa lọ wò ó. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú wa dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n nawọ́ sí ibi tí igbó ti ṣú, wọ́n ní ibẹ̀ yẹn ni, kí a máa wò ó láti ibi tí a dúró sí. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba ọ̀nà yẹn lásìkò tí a wà yìí.

Ìbéèrè méjì la gbé padà sílé ìwé. Báwo ni igbó tó jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn baba ńlá wa ṣe di igbó tí à ń sá fún? Kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí odò nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kúrò ní etí rẹ̀?

Ilẹ̀ tí omi ti ń ṣẹ̀

Ilẹ̀ gíga ni Èkìtì. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ náà ti jáde. Bí òjò bá rọ̀ sórí àwọn òkè wọ̀nyí, omi a pín ara rẹ̀: apá kan a dorí kọ odò Ọya, apá kejì a gba ìsàlẹ̀ lọ sí etí òkun. Ọ̀sẹ̀ àti Ògbẹ̀sẹ̀, Èkìtì ni wọ́n ti ṣẹ̀. Odò Ẹ̀lẹ̀ wà ní Ìtapájì, tí kò jìnnà sí Ìpáò. Odò Erò wà ní Ìkùn, níjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà.

Ọ̀ṣun pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ló ti wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó kọjá ní Òṣogbo, ó dé Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé e kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, ó wá lọ wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ẹni kan bá dà sínú odò kékeré kan lókè, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò bu ú mu nísàlẹ̀. Àwa ọmọ Èkìtì fẹ́ràn láti máa pe ara wa ní orísun ìmọ̀. Orísun omi náà ni wá, ìyẹn ni a kì í sábà sọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ: Ọ̀ṣúnbùnmi, Ọ̀ṣúntókun, Omítóyìn, Omídíran. Ẹni tí ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ayé pé odò jẹ́ ẹbí òun. Ẹ tún wo èèwọ̀ tó máa ń yí odò ká ní ọ̀pọ̀ ìlú: a kì í gé igi etí odò yìí, a kì í pa ẹja ibú yẹn, a kì í lọ sí ibẹ̀ ní ọjọ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ìgbàgbọ́ òkùnkùn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi etí odò ló ń di ilẹ̀ mú. Òjìji rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi gbẹ. Bí a bá gé e kúrò, òjò a wọ́ ilẹ̀ dà sínú odò, odò a máa ga nísàlẹ̀, a máa kún àkúnya lásìkò òjò, a sì gbẹ nígbà ọyẹ́. Ìbọ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lára omi, iṣẹ́ gidi ni.

Igbó tó gbà wá là

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igbó ló gba ọ̀pọ̀ ènìyàn àríwá Èkìtì là. Lásìkò yẹn, àwọn jagunjagun láti Ìlọrin àti àwọn Tápà láti Bídà ń gun ẹṣin wá kó ènìyàn lẹ́rú ní apá Èkìtì, Yàgbà àti Àkókó. Láti gúúsù, Ìbàdàn ń fi ajẹ́lẹ̀ jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú, títí tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi parapọ̀ tí ogun Kírìjí fi bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1877. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà.

Ìlú tó wà ní àríwá Èkìtì, bí Ìpáò, Òkè-Àkò àti Ìrèlè, wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ọ̀dàn ni ẹṣin ti ń sáré dáadáa. Nínú igbó dídí àti lórí òkè olókùúta, ẹlẹ́ṣin kò já mọ́ nǹkan. Nítorí náà, bí ariwo ogun bá ti sọ, òkè àti igbó ni àwọn ènìyàn ń sá sí. Láti mọ igbó nígbà náà, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi wà nínú rẹ̀, torí ẹni tó bá sá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí omi, ebi àti òùngbẹ ló máa lé e jáde sọ́wọ́ ọ̀tá. Ìmọ̀ odò àti ìmọ̀ igbó jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀mí.

Ní 1897, ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣòwò lórí odò Ọya, Royal Niger Company, ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin, ìkónilẹ́rú sì rọlẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Igbó tó jẹ́ ibi ìsápamọ́sí wá di oko.

Igbó tó di ti ìjọba, odò tó wá sílé

Ìyípadà tó tẹ̀ lé e kò dún bí ogun, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ jù ú lọ. Kòkó wọ Èkìtì, igbó ńlá sì di oko kòkó. Ìjọba amúnisìn ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀, wọ́n pè wọ́n ní igbó ọba, ọlọ́dẹ àti àgbẹ̀ tó jẹ́ onílẹ̀ sì wá ń gba ìwé àṣẹ kó tó wọ ibi tí baba rẹ̀ ń wọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, nínú àwọn igbó ọba kan, wọ́n gé igi ìbílẹ̀ kúrò, wọ́n fi tíìkì àti gmelina rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí ń tètè dàgbà, wọ́n sì ń tètè di owó. Ẹni tó bá ti wọ oko tíìkì rí mọ̀ pé ó dákẹ́ ju igbó lọ.

Ní ìgbà kan náà, ẹ̀sìn Kírísítì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì. A kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn rí la gbọ́dọ̀ sọ. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun tàbí Omi wá ń yí padà sí Olú tàbí Jésù, ẹni tó mọ èèwọ̀ odò kò sì rí ẹni tó máa kọ́ mọ́. Ilé ìwé la lọ. Ó dára tí a lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kà kò sọ fún wa ìdí tí a kì í fi í gé igi etí odò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dáàmù dé. Wọ́n sé odò Ẹ̀lẹ̀ ní Ìtapájì, wọ́n sì sé Erò ní Ìkùn, kí ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá Èkìtì lè máa rí omi ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé àtijọ́ kò ní wàhálà: obìnrin àti ọmọdé ló ń fi orí ru omi, àrùn sòbìà sì ń jà láti inú omi ìdọ̀tí. Inú àwọn ìyá wa dùn nígbà tí ẹ̀rọ omi dé ojúlé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Odò wá sílé, nítorí náà kò sí ẹni tó tún ń lọ sí odò. Nígbà tó sì yá, tí ẹ̀rọ kò yọ omi mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, a kò padà sí odò náà. Kànga ẹ̀rọ la gbẹ́. Lónìí, olúkúlùkù ló ní omi tirẹ̀ lábẹ́ ilé rẹ̀, kò sì sí omi tí gbogbo wa jọ ni tí a jọ ń tọ́jú.

Igbó tí à ń sá fún

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n kọlu Òkè-Àkò, ènìyàn méjì sì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, gómìnà Èkìtì fọwọ́ sí òfin tó ń dá fífi màlúù jẹko káàkiri lẹ́kun. Ní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì, ní ojú ọ̀nà agbègbè Ìkọ̀lé yìí kan náà. Bí wọ́n bá lè pa ọba lójú títì, ta ló máa gbà kí ọmọ òun gba ọ̀nà odò?

A kò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ẹ̀yà kankan. Ó yẹ kí a rántí pé odò kan náà ni gbogbo wa ń wá. Láti àwọn ọdún 1960, adágún Chad ti sún kì gidigidi, ilẹ̀ àríwá sì ń gbẹ sí i. Ẹni tó ní màlúù yóò tẹ̀ lé omi wá sí gúúsù, bí baba rẹ̀ ṣe tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó wá ń dé lásìkò tí oko ti gba etí odò. Ọ̀daràn ajínigbé kò jẹ́ ẹ̀yà kan. Igbó tí kò sí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀ ló wù ú.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dun wa jù. Igbó tí ọlọ́dẹ, àgbẹ̀, aláwo àti ọmọ tí ń ponmi ń rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ojú púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ wọ̀nyí bá kúrò, afipá-gé-igi a gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ wọlé, kò ní sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ìbẹ̀rù kò dá igbó sí. Ó kàn fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù.

Òṣogbo: bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ìbáṣepọ̀ tó ti já tún so padà? A kò ní lọ jìnnà láti dáhùn. Kí a tẹ̀ lé omi Ìgèdè dé Òṣogbo.

Ìtàn ìdásílẹ̀ Òṣogbo, ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n. Lároòyè àti Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ kúrò ní Ìpólé nítorí àìtó omi. Wọ́n dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó, igi kan sì wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun bínú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ dá májẹ̀mú: wọn yóò sún kúrò ní etí omi gan-an, wọn yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, òun náà yóò sì dáàbò bò wọ́n. Ẹja tó wá bá ọba lọ́wọ́ ló di Àtẹ́wọ́gbẹja, tí à ń pè ní Àtáọ́ja lónìí.

Tẹ́lẹ̀, ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú lásán la máa ń kà á sí. Lẹ́yìn Ìpáò, a tún un kà, a sì rí nǹkan mìíràn. Ìbàjẹ́ ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀! Ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe fún odò ni pé ó gé igi, ó fọ́ ìkòkò. Májẹ̀mú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ àti àtúnṣe ni. Àwọn baba wa kò sọ pé àwọn kò ba odò jẹ́ rí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, nígbà tí àwọn bà á jẹ́, àwọn sún sẹ́yìn.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, májẹ̀mú yìí ti ń yẹ̀. Ojúbọ ń wó, wọ́n ń gé igi nínú igbó, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, àwọn kan ti ń ta ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1915, wá sí Nàìjíríà. Òun ni a wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àtáọ́ja àti àwọn olórìṣà ìlú, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì mọ ère ńláńlá sí àwọn ibi tí àwọn agbẹ́gi àti àwọn olùtalẹ̀ ń fẹ́ wọ̀. Ère náà ń ṣọ́ igbó. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún 93.

Ẹ má jẹ́ kí á fi gbogbo ògo fún ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní kò sí Àwòrò àti Ìyá Ọ̀ṣun tó ń ṣe iṣẹ́ wọn, ká ní kò sí Arugbá tí ń gbé igbá lọ sódò ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, kò ní sí ohun tí Àdùnní máa tún ṣe. Ẹsẹ̀ kò kúrò ní etí odò pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe fi ṣeé ṣe.

Ojúbọ yè, omi ńkọ́?

Ibi tó yẹ kí ìtàn ayọ̀ parí sí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Láti ọdún bíi mélòó kan, omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Lókè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, àwọn awawúrà ń gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀, àwọn kan sì ń lo mákúrì láti fi fa wúrà jáde lára rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti mákúrì náà ń wọ́ sínú àwọn odò kéékèèké, àwọn yẹn sì ń gbé e lọ fún Ọ̀ṣun. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà.

Ẹ rò ó wò. Àwọn olùjọsìn máa ń gbé kẹ̀ẹ̀gì wá láti Nàìjíríà, láti Brazil, láti Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bu omi ìyè lọ sílé fún ọmọ àti fún ìwòsàn. Omi yẹn gan-an ni ìjọba ní kí wọ́n má mu.

Kò sí ẹni tó wọ inú hẹ́kítà 75 náà gbẹ́ wúrà. Ọgbà dúró, ère dúró, igi dúró. Ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà. Ojúbọ la tún ṣe, a kò tíì tún odò ṣe. Ibi tí òwe wa ti di òótọ́ nìyẹn: Òṣogbo kò gbàgbé odò, orísun ni gbogbo wa jọ gbàgbé.

Àwọn mìíràn náà ti tún odò ṣe

Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, odò kan wà tó ń jẹ́ Elwha. Àwọn Klallam, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ẹja salmon ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ dáàmù méjì sórí odò yìí, èyí àkọ́kọ́ ní 1913, èkejì ní 1927, ẹja kò sì lè gòkè lọ yé ẹyin mọ́. Àwọn ọmọ Klallam kò dákẹ́. Ní 1992, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin nípa àtúnṣe odò náà, láàrin 2011 sí 2014 wọ́n sì wó dáàmù méjèèjì. Wọ́n dá ẹja pípa lẹ́kun kí odò lè sinmi. Ọdún 2023 ni ẹ̀yà náà tó tún pa ẹja níbẹ̀. Ọdún méjìlá láìpa ẹja! Bí ìyá wa àgbà bá gbọ́ èyí, wọn kò ní pè é ní sáyẹ́ǹsì. Èèwọ̀ ni wọ́n máa pè é.

Ní New Zealand, òfin ọdún 2017 sọ pé odò Whanganui jẹ́ ẹnì kan lójú òfin. Ènìyàn méjì ló ń gbẹnu sọ fún un, ìjọba yan ọ̀kan, àwọn Máórì tí wọ́n ni odò yan èkejì. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ bí ohun tuntun pátápátá. Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá mọ̀ pé odò ti jẹ́ ẹnì kan lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ó ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní ìyàwó ilé, ó ní agbẹnusọ. Ohun tí a kò ní ni òfin tó máa jẹ́ kí agbẹnusọ náà lè pe awawúrà lẹ́jọ́, kó sì borí.

A kò sọ pé kí wọ́n wó dáàmù Ìtapájì tàbí ti Erò. Omi wà lára ohun tí àwọn ará ìlú ń fẹ́, ó sì tọ́ sí wọn. Ohun tí a rí nínú ìtàn méjèèjì ni pé wọ́n wo odò láti orísun dé òkun, wọn kò wo ibi tó kàn wọ́n nìkan.

Kí ni kí á ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a kì í ṣe ìjọba. A kò lè mú ọ̀nà Òkè-Àkò balẹ̀, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ó sì yẹ kí a máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ nígbà gbogbo, torí kò sí àtúnṣe odò níbi tí àgbẹ̀ ti ń bẹ̀rù àtilọ sóko. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ orúkọ àwọn odò wa sílẹ̀. Kì í ṣe Ọ̀ṣun àti Ògùn nìkan. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé yín, tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan: kí lorúkọ rẹ̀, níbo ló ti ṣẹ̀, odò wo ló ń wọ́ sí, kí ni èèwọ̀ rẹ̀, ta ló mọ̀ ọ́n kẹ́yìn? Ẹni tó wá láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, tàbí ibikíbi, kí ó ṣe èyí ní ìsinmi tó ń bọ̀. Odò tí kò ní orúkọ, kò sí ẹni tó máa gbèjà rẹ̀.

Èkejì, níbi tí ẹsẹ̀ wa bá lè dé láìséwu, kí a padà sí etí omi, kí a fi igi ìbílẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí a sì gbìn ín síbi tí wọ́n ti gé e.

Ẹ̀kẹta, kí àwa tí à ń gbé ní orísun àti àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀ máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti jáde, tí wọ́n wà ní Ìbàdàn àti ní Èkó, omi tí ẹ ń mu lè ti kọjá lẹ́bàá ilé àwọn òbí wa.

Kí a tó kúrò ní Ìpáò, a bi Màmá ní orúkọ odò tí wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n sọ ọ́ fún wa, wọ́n sọ èèwọ̀ rẹ̀ kan. A ní kí wọ́n sọ ìyókù, a ti mú ìwé àti bírò jáde. Wọ́n ní rárá o, a kò tíì dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dára, tí a bá fẹsẹ̀ wa tẹ etí omi náà, ọjọ́ yẹn ni àwọn máa sọ tó kù. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A ti ní kí ọ̀rẹ́ wa máa pè wọ́n ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.